Ewé Òkun Tó Kú sí Mi Lọ́wọ́

Ní oṣù tí òtútù bá mú ní Kútọnu, tí oòrùn ń ràn bí ẹni tí kò jẹun kánú, òkun máa ń rùn bí ẹ̀fọ́ tútù tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ já. Kì í ṣe òórùn ẹja, kì í sì í ṣe òórùn iyọ̀. Ẹni tí kò gbé pẹ̀lú òkun kò ní mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n èmi mọ̀ ọ́n. Bí mo bá ti gbọ́ òórùn yẹn báyìí, mo máa ń rántí ọdún tí mo fi ọkọ̀ mi gbé ọmọbìnrin kan tó ń kàwé dókítà. Kì í ṣe dókítà tí ń gún ènìyàn lábẹ́rẹ́ o. Dókítà omi ni.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ irú ẹni tí mo jẹ́, kí ẹ lè mọ ẹni tí ń bá yín sọ̀rọ̀. Nàgó ni mí. Ṣakété ni wọ́n bí mi sí, níbi tí omi tó pọ̀ jù tí mo mọ̀ ní kékeré kò ju ti inú kànga lọ. Kíláàsì mẹ́ta péré ni mo kà kí bàbá mi tó kú, kí n tó fi ilé ìwé sílẹ̀ fún àwọn tó ní bàbá. Síbẹ̀, èmi yìí kan náà ni mo wá ń wa ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì lójú òkun tí àwọn tí wọ́n bí sétí omi gan-an ń bẹ̀rù. Epo ló kọ́ mi. Nígbà tí ara mi ṣì le, mo máa ń gba orí ọ̀sà fi ọkọ̀ kó kpayò, epo bẹntiróòlù tó ń ti Nàìjíríà wọlé, ìyàwó mi sì ní tábìlì sí ẹ̀bá ọ̀nà ní Gbégamey tó ti ń tà á nínú ìgò. Nígbà tí iṣẹ́ náà di eléwu jù, mo gbé ẹ́ńjìnnì mi kúrò lórí ọ̀sà, mo gbé e lọ sójú òkun ní Sèmè-Kpodji. Àwọn àgbà apẹja ibẹ̀ fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Wọ́n ní, "Ànàgónù," bí wọ́n ṣe máa ń pe àwa Nàgó nìyẹn, "ìgbì àkọ́kọ́ ni yóò gbé ọ padà sídìí iṣu rẹ." Ìgbì àkọ́kọ́ dé, ó lọ. Èkejì dé, ó lọ. Kò pé ọdún kan tí àwọn fúnra wọn fi ń ránṣẹ́ pè mí bí ẹ́ńjìnnì wọn bá ti kọ̀ tí kò dún.

Nítorí náà, nígbà tí ọmọbìnrin yẹn dé etíkun, tó ń béèrè ẹni tó lè gbé òun dé ibi tí omi ti jìn, tó sì lè dá ọkọ̀ dúró jẹ́ẹ́ lórí ìgbì kí òun fi ṣiṣẹ́, ta ni wọn ì bá júwe bí kò ṣe èmi? Ó gbé àpótí méjì dání, ó wọ bàtà rọ́bà tó tóbi jù ú lọ, kò sì lè ju ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n lọ. Mo fi gbogbo Faransé tí mo ní kí i. Ó fara balẹ̀ gbọ́ ọ tán, ó wá dá mi lóhùn ní èdè ilé wa.

Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ ká máa sọ èyí tí kò ní dá wa lágara. Ọmọ Pobè ni mí."

Ojú tì mí díẹ̀, ṣùgbọ́n mo rẹ́rìn-ín. Mo ní, "Ó dáa bẹ́ẹ̀, Màdáámù. Kí lẹ fẹ́ lọ kó nínú òkun?"

"Ewé ni."

"Ewé? Nínú òkun?"

"Ewé tí ojú kò lè rí, ẹ̀gbọ́n. Bí ó bá jẹ́ ẹyọ kan, ẹ lè fi ahọ́n kàn án kí ẹ má mọ̀. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá pọ̀, àwọn ló ń sọ omi di aláwọ̀ ewé ní àsìkò òtútù yìí. Oòrùn ni wọ́n ń jẹ bí ewé orí ilẹ̀. Àwọn ohun kéékèèké ń jẹ wọ́n, ẹja ń jẹ àwọn ohun kéékèèké, ẹ̀yin náà sì ń jẹ ẹja."

Ẹ ò ní gbà gbọ́ ohun tí mo ti ń sọ fún àwọn èrò ọkọ̀ mi nípa omi aláwọ̀ ewé yẹn láti ọdún mélòó kan sẹ́yìn. Mo máa ń sọ fún wọn pé ìgbẹ́ àbùùbùtán ni. Mo máa ń sọ ọ́ pẹ̀lú ìdánilójú débi pé mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíràn tó ń sọ ọ́ padà fún mi. Nígbà tí ọmọbìnrin náà ṣàlàyé tirẹ̀, mo kàn mi orí bí ẹni tó ti mọ̀ ọ́n tipẹ́, mo sì fa okùn ẹ́ńjìnnì.

Ó gba yàrá kan sẹ́yìn ibi tí wọ́n ti ń yan ẹja ní etíkun. Nínú yàrá náà ni ó gbé ẹ̀rọ awò rẹ̀ sí, èyí tó ń sọ ohun kékeré di ńlá. Ní ìta, lábẹ́ àwọ̀n tó ń bo oòrùn, ó gbé ọpọ́n ńlá kalẹ̀, ó pọn omi òkun sínú rẹ̀, ó sì to àwọn ìgò sínú omi náà ní ìlà mẹ́ta kí ara wọn lè tutù, tí ó fi jẹ́ pé èjìká wọn nìkan ló yọ síta. Omi aláwọ̀ ewé tí a jọ lọ bù ló wà nínú wọn. Ní ọjọ́ kan ó pè mí kí n wá fojú sínú ẹ̀rọ náà. Mo fojú sí i. Mo rí ohun roboto, mo rí ohun gbọọrọ, mo rí àwọn kan tí wọ́n so mọ́ra bí ìlẹ̀kẹ̀ tí wọ́n sín, gbogbo wọn ní àwọ̀ ewé tó dùn-ún wò. Mo yí ojú kúrò, mo wo omi inú ìgò, mi ò rí nǹkan kan. Mo tún fojú sí i, wọ́n ṣì wà níbẹ̀. Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti ń bẹ̀rù láti fọ ẹrẹ̀ ẹsẹ̀ mi sínú òkun.

Ó ní àwọn ewé wọ̀nyí náà máa ń ṣàìsàn. Ó ní ohun kan wà tó kéré jù wọ́n lọ, tí ẹ̀rọ inú yàrá yẹn gan-an kò lè fi hàn, tí wọ́n ń pè ní fírúùsì. Kò lè dá bímọ fúnra rẹ̀. Ilé onílé ló máa ń wọ̀, tí á máa fi ìkòkò onílé dáná ọmọ tirẹ̀, títí ọmọ á fi kún ilé, tí ilé á sì bẹ́. Ìyẹn yé mi, torí mo mọ irú àwọn àlejò bẹ́ẹ̀. Èyí tó tẹ̀ lé e ni kò yé mi bọ̀rọ̀.

"Ẹ̀gbọ́n," ó ní, "ọ̀pọ̀ nínú àwọn ewé wọ̀nyí ni wọ́n bí ọ̀bẹ mọ́. Inú àkọ̀ ló máa ń wà. Ọjọ́ tí àìsàn yẹn bá wọlé, ọ̀bẹ á yọ, á gé gbogbo ohun inú ewé náà wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ ní ẹsẹẹsẹ, bí ẹni tí wọ́n kọ́. Kì í ṣe ikú ọgbẹ́, kì í ṣe ikú ebi. Ikú tí ara rẹ̀ ti mọ bí yóò ṣe kú u ni."

"Ta ló ń fà á yọ?"

Ó rẹ́rìn-ín. "Ẹ ti béèrè ohun tí mo wá ṣe níbí. Àwọn kan ní ewé náà ló ń fà á yọ fúnra rẹ̀, kó lè tètè kú pẹ̀lú àìsàn nínú, kó má baà ran àwọn ẹbí rẹ̀. Èmi ò jiyàn. Ṣùgbọ́n mo fura pé lára àwọn kan, àìsàn yẹn ló ń fà á yọ, nígbà tí ọmọ rẹ̀ bá ti gbó tó fẹ́ kí ilé là kí wọ́n jáde."

Bí yóò ṣe mọ̀ ọ́n nìyí. Ìlà àkọ́kọ́ nínú ọpọ́n náà, ewé tí ara rẹ̀ le ni. Kò fún un ní àìsàn. Ìlà kejì, ó fi àìsàn sí i. Ìlà kẹta, ó fi àìsàn sí i, ó sì fi òògùn kan sí i tó ń ti ọ̀bẹ mọ́nú àkọ̀. Bí àìsàn kò bá lè bímọ dáadáa nínú ìlà kẹta, a jẹ́ pé àìsàn tó wọlé bí olè náà nílò ọ̀bẹ onílé. Ó tún ní òògùn mìíràn tí á kán sínú omi díẹ̀: bí ọ̀bẹ bá ti yọ nínú ewé kan, ewé náà á tàn lábẹ́ ẹ̀rọ awò bí iná tannátanná. Ó ní ó ti tó ọdún méjì tí òun ti ń wá èyí, tí nǹkan kan máa ń bà á jẹ́. Ọ̀gá rẹ̀ ní ilé ìwé tó wà ní òkè òkun ti sọ pé bí àsìkò òtútù yìí bá tún kọjá láìsí nǹkan gidi, ẹlòmíràn ni yóò gba àyè rẹ̀. Omi aláwọ̀ ewé kì í sì pẹ́ ju ọ̀sẹ̀ mélòó kan lọ kó tó lọ.

Kí ọ̀sẹ̀ kan tó pé, kò sí ẹni tó ń kọjá lẹ́bàá tábìlì ìyàwó mi ní Gbégamey tí kò tíì gbọ́ nípa ọ̀bẹ inú ewé òkun. Mo sọ ọ́ fún àwọn tó ń ra epo, mo sọ ọ́ fún àwọn ọlọ́kadà, mo sọ ọ́ fún àáfà wa. Nígbà tí mo fi máa sọ ọ́ tán, ó ti di "iṣẹ́ wa": "iṣẹ́ tí èmi àti Dókítà ń ṣe".

Ìgbà yẹn ni ìròyìn dé láti Pobè pé ara ìyá rẹ̀ kò yá. Ó ní ọjọ́ méjì péré ni òun fẹ́ lò. Ó fi àwọn ìgò lé mi lọ́wọ́, kí n máa rọra mì wọ́n láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, kí n sì máa fi omi tútù sí inú ọpọ́n bí oòrùn bá mú. Kò sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Mo sọ fún un pé kó fọkàn balẹ̀, pé ẹni tó gbé epo gba àárín iná kọjá kò ní fi omi lásán ṣòfò.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, mo gbé àwọn ìgò ìlà àkọ́kọ́ sókè láti mì wọ́n, mo rí i pé wọn kò kún. Ojoojúmọ́ ló máa ń fa díẹ̀ nínú wọn lọ síbi ẹ̀rọ awò, èyí ti fi ìka méjì dín, èyí ti fi ìka mẹ́ta. Ẹ̀yin tí ẹ kò ta epo rí, ọ̀rọ̀ yìí kò lè dùn yín. Ní ìdí kpayò, ìgò tí kò kún dé ọrùn ìtìjú ni. Oníbàárà á gbé e sókè síbi ìmọ́lẹ̀, á wo ọrùn rẹ̀, á wo ojú rẹ, á sì gbé e kalẹ̀ lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíràn. Ogún ọdún ni mo fi rọ epo kún ìgò dé ọrùn. Ọwọ́ mi kò lè gbé ìgò tó dín padà sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Mo ronú pé bí ó bá dé tó bá wọn ní dídín, yóò sọ pé mo da omi rẹ̀ nù.

Kí ẹ má sọ pé mo jẹ́ aláìmọ́. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni mo fi ọṣẹ fọ ọwọ́. Mi ò bu omi òkun sí i, torí mo mọ ohun tó wà nínú omi òkun, ṣebí mo ti fojú ara mi rí i. Mo wọnú yàrá, mo wo gbogbo ohun tó wà lórí tábìlì. Ìgò ńlá kan wà ní igun, tó fi ọ̀rá dúdú wé. Mo ṣí ọ̀rá náà wò. Omi inú rẹ̀ mọ́ ju omi inú ọ̀rá tí à ń rà mu lọ. Mo gbé e síbi ìmọ́lẹ̀, kò sí èérún kan. Mo sọ fún ara mi pé omi pàtàkì nìyí, èyí tó fi pamọ́ fún irú iṣẹ́ yìí. Ìwé wà lára ìgò náà, ṣùgbọ́n èmi a máa gba ojú mi gbọ́ ju ìwé lọ. Mo rọ ọ́ kún àwọn ìgò ìlà àkọ́kọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan dé ọrùn, kò dà sílẹ̀ kán. Àwọn ìlà yòókù kò dín tó bẹ́ẹ̀, mo fi wọ́n sílẹ̀. Mo wé ọ̀rá dúdú padà, mo jókòó, inú mi dùn.

Nígbà tó dé, ìyá rẹ̀ ti ń gbádùn díẹ̀, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ ṣì wà ní Pobè. Kò wo ọrùn ìgò kankan. Ó fa omi tó pọ̀ nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó dì í mú wọlé, mo sì lọ síbi ọkọ̀ mi. Lọ́jọ́ kejì rẹ̀ ni mo wọlé tí mo bá a tó fi ọwọ́ méjèèjì di orí mú níwájú ẹ̀rọ awò.

"Ẹ̀gbọ́n, wọ́n ń tàn."

"Àwọn wo?"

"Ìlà àkọ́kọ́. Àwọn tí ara wọn le. Gbogbo wọn ti fa ọ̀bẹ yọ."

Mo bá a jáde. Lóòótọ́, àwọn ìgò ìlà àkọ́kọ́ ti ń funfun. Àwọ̀ ewé ti ń kúrò lójú omi, ohun kan bí eruku funfun ti rọ̀ sí ìsàlẹ̀. Ó béèrè bóyá ẹnikẹ́ni wá síbẹ̀. Mo gbé àyà sókè, mo ní ta ló láyà láti wá síbi tí èmi wà. Ẹ gbà mí gbọ́, òtítọ́ ni lójú mi nígbà yẹn. Kò wá sí ọkàn mi pé èmi náà wà lára ẹnikẹ́ni.

Ó jókòó sórí iyanrìn. Ó ní bí ewé tí kò ní àìsàn bá lè fa ọ̀bẹ yọ báyìí, a jẹ́ pé ebi tàbí ìgò ló ń pa wọ́n, a jẹ́ pé gbogbo ohun tí òun ń sọ láti ọdún méjì irọ́ ni. Ó ní, "Ohun kan ṣoṣo tó lè pa wọ́n kíákíá báyìí ni àìsàn náà, inú ìgò ńlá tí mo fi ọ̀rá dúdú wé ló sì wà. Mo ti sẹ́ ẹ títí gbogbo ewé àti ìdọ̀tí fi kúrò, ó ku fírúùsì nìkan nínú omi. Ó ṣì wà ní àyè rẹ̀."

Omi tó mọ́ jù lọ nínú yàrá yẹn!

Kí ẹ gbọ́ ọ lẹ́nu mi: mi ò sọ nǹkan kan lọ́jọ́ yẹn, mi ò sọ nǹkan kan lọ́jọ́ kejì. Mo ń wo ọmọbìnrin yẹn tó ń kọ ìwé sí ọ̀gá rẹ̀ pé òun ti ṣìnà, mo ń tún ẹ́ńjìnnì tí kò bàjẹ́ ṣe. Ẹnu mi pa dé débi pé àgbà apẹja kan béèrè pé, "Ànàgónù, ṣé eyín ń dùn ọ́ ni?" Ohun tí mò ń rò kò ju pé: bí ọ̀rọ̀ yìí bá jáde, gbogbo Sèmè ni yóò rẹ́rìn-ín. Wọ́n á ní kí n padà sídìí iṣu mi.

Nílé, nígbà tí a ń jẹun ọ̀sán, mo sọ ọ́ fún ìyàwó mi. Ó gbé àwo rẹ̀ kalẹ̀.

"O rọ kí ni kún kí ni?"

"Mo ní wọ́n dín ni."

"Wọ́n dín! Ta ni oníbàárà? Ẹja ni?" Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, lẹ́yìn náà ó nujú. "Ó mọ̀?"

"Kò mọ̀. Ó ń kọ̀wé pé òun ló ṣìnà. Lọ́la ni yóò fi í ránṣẹ́."

"O wá jókòó ò ń jẹ ẹ̀kọ."

"Bí mo bá sọ ọ́, kí ni wọ́n máa pè mí?"

Ó gbé àwo rẹ̀, ó dìde. "Òótọ́ ni. Jẹ́ kó máa lọ. Ọmọ Pobè ni, ìyá rẹ̀ á gbà á sílé. Kí orúkọ tìrẹ ṣáà ti dúró."

Ìyàwó mi kò pariwo mọ́ mi rí, kò sì pariwo lọ́jọ́ yẹn. Ó lọ to àwọn ìgò rẹ̀. Mo fi ẹ̀kọ náà sílẹ̀.

Ní àárọ̀ kùtùkùtù ọjọ́ tó tẹ̀ lé e, mo wọ yàrá ọmọbìnrin náà láìkan ilẹ̀kùn. Ìwé náà wà níwájú rẹ̀. Mo ní, "Màdáámù, ẹ má fi ránṣẹ́. Èmi ni."

"Ẹ̀yin ni kí ni?"

"Mo dà á sí i. Omi inú ọ̀rá dúdú. Àwọn ìgò náà dín, mo rọ ọ́ kún wọn. Mo rí i pé ó mọ́."

Ó wò mí. Mo ti rí ìgbì tó dìde tí kò tíì wó, bẹ́ẹ̀ ni ojú rẹ̀ rí. Ohun tí mo retí ni kó sọ pé aláìmọ̀wé ni mí. Ìyẹn kọ́ ló sọ.

"Ìgbà wo lẹ mọ̀?"

"Ìjẹta. Nígbà tí ẹ ń ṣàlàyé."

"Láti ìjẹta lẹ ti ń wò mí."

Láti ọjọ́ yẹn, ọ̀pọ̀ ènìyàn ti bú mi, ọlọ́pàá ti bú mi, aṣọ́bodè ti bú mi, kò sí èyí tó wọ̀ mí lára tó gbólóhùn yẹn.

Ó fa bébà kan jáde. "Báwo ni ẹ ṣe dà á? Ìwọ̀n mélòó nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan?" Ìyẹn ni mo mọ̀. Ọwọ́ ẹni tó ta epo kì í gbàgbé ìwọ̀n. Mo dúró níwájú ọpọ́n, mo nawọ́ sí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan: ìka méjì níbí, ìka mẹ́ta àbọ̀ lọ́hùn-ún, èyí kò ju ìka kan lọ. Ó ń kọ ọ́, ó ń wo àwọ̀ omi inú wọn. Ìgò tí mo rọ jù ló kọ́kọ́ funfun. Èyí tí mo rọ díẹ̀ sí ló ṣẹ́kù tí àwọ̀ ewé díẹ̀ wà nínú rẹ̀. Ó ní kò ṣeé kọ sínú ìwé kankan, torí iṣẹ́ tí a fi àìmọ̀ ṣe kì í ṣe iṣẹ́. Ṣùgbọ́n ó ya ìwé tó kọ sí ọ̀gá rẹ̀ sí méjì. Ó ní, "Ẹ gbé ẹ́ńjìnnì yín. Bí ewé bá ṣì ṣẹ́kù nínú òkun yìí, òní la máa rí i."

Omi ti mọ́ lọ́jọ́ náà, ó ti ń padà sí àwọ̀ búlúù rẹ̀. A lọ, a lọ, kò sí nǹkan kan. Ó ń bu omi, ó ń wò ó, ó ń dà á nù, kò bá mi sọ̀rọ̀. Mo darí ọkọ̀ sí ìwọ̀ oòrùn, lọ sí apá ibi tí àwọn ọkọ̀ ńlá ti ń dúró de àyè ní èbúté. Níbẹ̀ ni òórùn ẹ̀fọ́ tútù yẹn ti kàn mí nímú, fẹ́ẹ́rẹ́, ó lọ, ó tún dé. Mo pa ẹ́ńjìnnì. Mo jẹ́ kí omi máa gbé wa. Ìlà kan wà níbẹ̀, tẹ́ẹ́rẹ́, kò fẹ̀ ju ọ̀nà ẹsẹ̀ lọ, aláwọ̀ ewé tó ń parẹ́ lọ. Ó tẹ̀ síta tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi di aṣọ rẹ̀ mú lẹ́yìn. Kẹ́ẹ̀gì omi méjì péré la rí bù kó tó tú ká.

Ó tún ìlà mẹ́ta tò lákọ̀tun, ọjọ́ mẹ́fà ló sì fi ń sùn nínú yàrá yẹn. Mo ń mi àwọn ìgò, mo sì ń wo ọrùn wọn tí wọ́n ń dín lọ lójoojúmọ́, mo fi ọwọ́ sí ẹ̀yìn. Ní ọjọ́ kẹfà ó pè mí. Ìlà àkọ́kọ́ ṣì ní àwọ̀ ewé. Ìlà kejì ti funfun pátápátá, omi rẹ̀ sì kún fún ọmọ àìsàn. Ìlà kẹta, èyí tí ó ti ọ̀bẹ mọ́nú àkọ̀, ó ṣàìsàn, ṣùgbọ́n ó dúró. Ọmọ àìsàn tó jáde nínú rẹ̀ kéré gan-an. Olè náà nílò ọ̀bẹ onílé. Ọmọbìnrin náà sunkún, ó rẹ́rìn-ín, ó sì jẹ ẹja yíyan tí ó tó fún ènìyàn mẹ́ta.

Mo bi í pé, "Ìyẹn ni pé ewé yẹn kò kú nítorí ẹbí rẹ̀? Wọ́n kàn pa á ni?"

Ó yọ egungun ẹja kan lẹ́nu. "Èmi rò pé méjèèjì ń ṣẹlẹ̀, ẹ̀gbọ́n. Bí ó bá tètè fà á yọ, kí ọmọ àìsàn tó gbó, ẹbí á yè. Bí ó bá pẹ́, àìsàn á bá a fà á yọ nígbà tó bá wu àìsàn. Ọ̀bẹ kan náà ni."

Àyè rẹ̀ kò bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó padà lọ sí òkè òkun, ó parí ìwé rẹ̀, ó di dókítà omi lóòótọ́. Èmi náà padà sí ọkọ̀ mi àti ẹnu mi. Láti ìgbà yẹn, mo ti sọ ìtàn yìí ní Gbégamey ju iye ìgbà tí mo lè kà lọ. Mo máa ń sọ ti ọ̀bẹ, mo máa ń sọ ti bí mo ṣe fi imú nìkan rí ewé tó kẹ́yìn nínú òkun. Ti omi tó mọ́ yẹn, mo máa ń fò ó. Ìyàwó mi á gbé ojú sókè lẹ́yìn tábìlì rẹ̀, á wò mí, á tún máa bá ọjà rẹ̀ lọ.

Ní àsìkò òtútù tó kọjá yìí, Dókítà padà wá sí Sèmè. Ó ti sanra díẹ̀, ó ti ń fi dígí sójú, ó sì kó àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tirẹ̀ mẹ́rin wá. Ó jókòó pẹ̀lú wọn sórí ọkọ̀ mi tó wà lórí iyanrìn, ó ń sọ fún wọn bí òun ṣe bẹ̀rẹ̀. Ó sọ ti ìlà mẹ́ta. Ó sọ ti ìyá rẹ̀. Nígbà tó dé ibi tí àwọn ewé tí ara wọn le ti kú, ó fa dígí rẹ̀ wá sí ṣóńṣó imú. Ó wò mí lórí dígí rẹ̀, ó ní, "Nǹkan kan wá bà á jẹ́," ó sì fẹ́ máa bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ. Ó ń bò mí láṣìírí níwájú ọmọ ọlọ́mọ.

Mo ju okùn ẹ́ńjìnnì sílẹ̀. Mo ní, "Kì í ṣe nǹkan kan. Èmi ni."

Mo sọ ọ́ fún wọn látòkè délẹ̀, pẹ̀lú ọjọ́ méjì tí mo fi dákẹ́. Àwọn àgbà apẹja méjì wà nítòsí tí wọ́n ń tún àwọ̀n ṣe, wọ́n gbọ́ ọ, wọ́n sì rẹ́rìn-ín gan-an. Mo jẹ́ kí wọ́n rín in tán. Ọ̀kan nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ náà, ọmọbìnrin kan tó ń kọ gbogbo nǹkan sílẹ̀, bi mí pé, "Bàbá, kí ló dé tí ẹ kò kọ́kọ́ béèrè?"

Bàbá. Ó ti pẹ́ bẹ́ẹ̀.

Mo ní, "Torí pé mo mọ̀ ọ́n."

Ó kọ ìyẹn náà sílẹ̀. Dókítà yíjú sí òkun, ṣùgbọ́n mo rí i tí ó ń rẹ́rìn-ín. A ti ọkọ̀ sómi, gbogbo wa, ìgbì gbé wa sókè, ó gbé wa kọjá, a sì gbọ́ òórùn ẹ̀fọ́ tútù náà kí a tó rí i. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í bi mí léèrè oríṣiríṣi nípa omi aláwọ̀ ewé yẹn. Èyí tí mo mọ̀, mo sọ. Èyí tí mi ò mọ̀, mo ní kí wọ́n bi Dókítà.